Ọjọ́ Tí Àmì Àṣìṣe Ṣìnà

Aago 8:10 àárọ̀

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn ti jókòó sídìí ẹ̀rọ kí n tó wọlé. Ètò kékeré kan ló ń kọ fún ìyá rẹ̀ tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀: kí ẹ̀rọ gba owó tó wọlé lóòjọ́, kó pín in sí iye ìdì tí wọ́n tà, kó sì sọ iye tí ìdì kan mú wá. Èdè Python ló fi ń kọ ọ́. Ìlà tó dá wàhálà sílẹ̀ kò ju èyí lọ:

print("ọ̀gẹ̀dẹ̀", owó / n)

Lẹ́tà n dúró fún iye ìdì. Ìyá rẹ̀ kò lọ sọ́jà lánàá, nítorí náà òdo ni n. Kò sí bí a ṣe lè pín owó sọ́nà òdo, ni Python bá dá iṣẹ́ dúró, ó gbé ìròyìn àṣìṣe jáde.

Àmọ́ òdo kọ́ lọmọ náà ń bá jà. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àkámọ́ yìí. Mo ti pa á rẹ́, mo tún un kọ, ibẹ̀ náà ló ṣì ń tọ́ka sí."

Mo wò ó, òótọ́ ni. Àmì ṣóńṣó tí Python fi ń tọ́ka síbi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ wà lábẹ́ àkámọ́ tó kẹ́yìn ìlà. Àkámọ́ yẹn kò sì jẹ̀bi ohunkóhun.

Aago 8:40 àárọ̀

Kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo ṣàlàyé iṣẹ́ àmì náà fún un. Láyé àtijọ́, bí ìṣirò bá dà rú mọ́ Python lọ́wọ́, nọ́ńbà ìlà àti ìlà náà fúnra rẹ̀ ló máa ń fi hàn. Láti ẹ̀dà 3.11, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi sábẹ́ ibi tí ọ̀ràn wà gan-an: àmì ~ lábẹ́ gbogbo ìṣirò náà, àmì ^ lábẹ́ ibi tó kàn jù. Nínú ìlà tiwa, abẹ́ àmì ìpín, /, ló yẹ kí ^ wà. Ó ti fi àyè mẹ́ta kọjá sápá ọ̀tún.

Gbólóhùn tó wà nísàlẹ̀ ìròyìn náà kò purọ́; ó ní pípín pẹ̀lú òdo ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ bá dà rú mọ́ lọ́wọ́ kì í fara balẹ̀ ka ìròyìn látòkè délẹ̀. Ẹni tó béèrè ọ̀nà Dùgbẹ̀, tí wọ́n dárúkọ Dùgbẹ̀ fún, tí wọ́n sì nawọ́ sí Bódìjà, Bódìjà ló máa gbà lọ.

Aago 9:20 àárọ̀

Mo ní kó yọ gbogbo àmì òkè àti ìsàlẹ̀ kúrò, kó kọ ogede lásán. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, àmì ^ padà sábẹ́ / wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ní kó máa dá àmì padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí e, ó di ẹ, ^ kò mira. Ó yọ ọ́, ó fi àmì ohùn sí i, ó di è, ^ kò mira. Ó wá fi méjèèjì sórí lẹ́tà kan náà, ó di ẹ̀, ni ^ bá sún sápá ọ̀tún ní àyè kan.

Ó ní, "Àmì méjèèjì ò gbọdọ̀ pàdé nìyẹn." Mo ní, "Wọ́n gbọdọ̀ pàdé. Báwo la ṣe fẹ́ kọ Yorùbá láìjẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Aago 10:00 àárọ̀

A jókòó, a kà á. Ojú ènìyàn rí lẹ́tà 5 nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Unicode, ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà òde òní fi ń kọ èdè ayé, ka ẹyọ 8. Ìdí ni pé ẹ ní ipò tirẹ̀ nínú Unicode, è náà ní, ṣùgbọ́n kò sí ipò kan ṣoṣo fún ẹ̀. Àmì ohùn ní láti wá lọ́tọ̀, kó gun orí lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀. Bí kíbọ́ọ̀dù bá tún ya àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀, ẹyọ 8 á di 11, ojú kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan. Nínú fáìlì UTF-8, báìtì 17 ni, ọ̀nà yòówù nínú méjèèjì tí a bá gbà kọ ọ́.

Báìtì ni Python fi ń rántí ibi tí nǹkan wà nínú ìlà. Bó bá fẹ́ ròyìn, ó máa yí báìtì sí ẹyọ Unicode, lẹ́yìn náà ni yóò wá ṣírò àyè tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa gbà lójú kọ̀ǹpútà. Inú ìṣirò tó kẹ́yìn yìí lọ̀rọ̀ wà. Nínú Python 3.12 tó wà lórí ẹ̀rọ wa, lẹ́tà Ṣáínà àti irú wọn tó fẹ̀ ń gba àyè méjì-méjì, gbogbo ohun tó kù ń gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmì ohùn tó gun orí lẹ́tà kò gba àyè kankan lójú wa, síbẹ̀ wọ́n kà á sí ọ̀kan. Àmì mẹ́ta, àyè mẹ́ta.

Aago 11:00 àárọ̀

Mo ṣí test_traceback.py fún un, fáìlì tí àwọn tó ń ṣe Python fi ń yẹ ìròyìn àṣìṣe rẹ̀ wò. Ìdánwò kéékèèké ló kún inú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á mọ̀ọ́mọ̀ dá àṣìṣe kan sílẹ̀, á gba ìròyìn tó jáde, á sì fi wé bó ṣe yẹ kó rí. Lẹ́tà Ṣáínà wà níbẹ̀, emoji wà níbẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ ronú kan ẹni tí kì í fi Gẹ̀ẹ́sì kọ nǹkan, ó sì yẹ ká yìn wọ́n. Nítorí pé ìlà Ṣáínà wà nínú ìdánwò, bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì ba ìṣirò rẹ̀ jẹ́, ìdánwò á kígbe lọ́jọ́ náà gan-an.

"Yorùbá ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

"Àwa la máa kọ tiwa. Fa àga súnmọ́ ibí."

Aago 11:45 àárọ̀

Ohun tí a fẹ́ kí ìdánwò náà ṣe kò le. Yóò ṣe ìlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn pẹ̀lú òdo, yóò gba ìròyìn tó jáde, yóò wá àyè tí / wà àti àyè tí ^ wà, yóò sì fi assertEqual béèrè bóyá ọgbọọgba ni wọ́n. unittest, tó ti wà nínú Python láti ọdún 2001, ló ní irinṣẹ́ yìí. Ìlànà rẹ̀ wá látinú ohun tí Kent Beck kọ́kọ́ ṣe fún èdè Smalltalk.

Ohun kan ni mo tẹnu mọ́: ìdánwò náà kò gbọdọ̀ ka àyè bí Python ṣe ń kà á. Bí olùyẹ̀wò bá yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yẹ̀ wò, àwọn méjèèjì á jọ ṣìnà, ìdánwò á sì máa sọ pé kò séwu. Nítorí náà, a kọ́kọ́ yọ gbogbo àmì tó gun lẹ́tà kúrò nínú ìlà kí a tó ka ibi tí / wà.

A ní kó ṣiṣẹ́. Ó kùnà bó ṣe yẹ kó kùnà: AssertionError: 26 != 23. Ìròyìn tó dára nìyẹn. Ó sọ ohun tó bá níbẹ̀, ó sọ ohun tó ń retí, àyè mẹ́ta tó wà láàárín wọn sì hàn kedere.

Aago 1:30 ọ̀sán

A jẹun tán, ó wá béèrè ìbéèrè tó gba ìrònú: "Ṣé ká má kúkú kọ odidi ìròyìn náà sílẹ̀, ká máa fi wé e látòkè délẹ̀?"

Àwọn tó ń ṣe èdè Rust ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò aláṣìṣe kọ̀ọ̀kan nínú ìdánwò wọn, fáìlì kan wà tí orúkọ rẹ̀ parí sí .stderr, tí odidi ìròyìn wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń fi $DIR rọ́pò àdírẹ́sì fáìlì, kí ibi tí iṣẹ́ wà lórí ẹ̀rọ mi má bàa ba ìdánwò jẹ́. Bí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ tún gbólóhùn kan ṣe, wọ́n á pàṣẹ --bless, ẹ̀rọ á sì kọ ìròyìn tuntun sílẹ̀ dípò ti àtijọ́. Kọ́mà kan kò ní yí padà kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Ewu rẹ̀ ni pé ẹni tó ń kánjú lè pàṣẹ --bless láìkà á, àṣìṣe á wá di ohun tí a fọwọ́ sí. Ìdánwò lè sọ pé gbólóhùn kan kò yí padà. Kò lè sọ pé ó yé ènìyàn. Kí Python 3.10 tó dé ní ọdún 2021, ẹni tó gbàgbé láti pa àkámọ́ dé lè rí "unexpected EOF while parsing", kí àmì sì máa tọ́ka sí ìparí fáìlì. Láti 3.10 ló ti ń sọ pé "'(' was never closed", tó sì ń tọ́ka sí àkámọ́ tí a ṣí gan-an. Ìdánwò lè dáàbò bo gbólóhùn àtijọ́ yẹn fún ogún ọdún láìsí ìṣòro, kó sì máa fìyà jẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́. Ènìyàn ló ní láti kà á, kó bi ara rẹ̀ pé: ẹni tí èyí dé bá, ṣé yóò mọ ohun tó kàn láti ṣe?

A fẹnu kò: ìdánwò kan fún ibi tí àmì wà, òmíràn fún odidi gbólóhùn.

Aago 3:00 ọ̀sán

Python gbà kí ènìyàn fi aròyìn tirẹ̀ rọ́pò èyí tó bá a wá. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni sys.excepthook. A ní aròyìn kan bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lò, ibẹ̀ la sì ti ṣe àtúnṣe. Kí ó tó ka ẹyọ kan sí àyè, ó gbọdọ̀ kọ́kọ́ bi unicodedata.combining bóyá àmì tó ń gun lẹ́tà ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àyè rẹ̀ jẹ́ òdo. Àwọn tó fẹ̀ ṣì ń gba méjì, àwọn tó kù ọ̀kọ̀ọ̀kan. A tún ní kí ìdánwò ṣiṣẹ́, ó yè. Àwọn emoji tí a so pọ̀ mọ́ra wọn ní ìṣòro tiwọn tí àtúnṣe yìí kò kàn. A kò sọ pé ó kàn án.

Aago 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ náà ló wá ń kó ìlà jọ. Ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ya gbogbo àmì rẹ̀ sọ́tọ̀ sí i, ẹlẹ́yọ 11. Ó fi ǹ sí i, tó ní ipò tirẹ̀ nínú Unicode, ó sì fi m̀ sí i, tí kò ní. Ó fi ìlà Gẹ̀ẹ́sì lásán àti ìlà Ṣáínà kan sí i, kí àtúnṣe tiwa má bàa ba ti ẹlòmíràn jẹ́.

Mo ní kó wá pa àtúnṣe náà rẹ́ fúngbà díẹ̀. Ìdánwò tí kò lè kùnà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ó pa á rẹ́, àwọn ìlà Yorùbá tí àmì ohùn wọn wá lọ́tọ̀ kígbe, ti ǹ, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ṣáínà dákẹ́. Ó dá a padà, gbogbo wọn yè.

Aago 5:30 ìrọ̀lẹ́

A padà sórí ètò ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àmì ^ wà lábẹ́ / báyìí, ọmọ náà sì lọ tààrà sídìí òdo. Ó kọ ọ́ pé bí n bá jẹ́ òdo, kí ètò má pín nǹkan kan, kó sọ pé: "A kò ta ìdì kankan lónìí." Láìjẹ́ pé mo rán an létí, ó kọ ìdánwò fún gbólóhùn yẹn pẹ̀lú. Mọ́mì rẹ̀ ló máa kà á.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwa tí a ń fi Yorùbá kọ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà mú lò nìyí: ká máa fi ìlà tiwa, pẹ̀lú àmì òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní pípé, sínú ìdánwò gbogbo irinṣẹ́ tí a bá ní àǹfààní láti fọwọ́ kàn. Bí a bá ń kọ ogede lásán nítorí kí àmì má bàa ṣìnà, àṣìṣe náà á wà níbẹ̀ de akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún á sì rò pé òun ló ṣe é. Ìdánwò kan ṣoṣo ti tó láti gbà á lọ́wọ́ ìyẹn.