Owó Ibodè: Láti Ọ̀dọ̀ Dòsùnmú Dé Orí Fóònù Wa

Ẹni tó bá fẹ́ ra bàtà ìgbábọ́ọ̀lù fún ọmọ rẹ̀ lónìí kò nílò láti kúrò nílé. Yóò wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sanwó fún olùtajà kan ní Ṣáínà, yóò sì máa retí ẹrù rẹ̀. Ìgbà tí ẹrù bá gúnlẹ̀ ni wọn yóò ní kó wá san owó ibodè kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa bínú bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Bẹ́ẹ̀, owó yìí kì í ṣe ohun tuntun. Ó wà lára ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà.

Kí òyìnbó tó dé, àwọn oníbodè ló ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò lẹ́nu odi ìlú. Ẹni tó ni ibodè ló ni ìlú, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì mọ èyí dáadáa. Nígbà tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó sọ Èkó di tiwọn lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹjọ, ọdún 1861, wọ́n ṣèlérí 1,200 àpò owó ẹyọ fún un lọ́dọọdún, dípò owó tó ń rí lórí ọjà tó ń gba èbúté kọjá. Ní 1887, wọ́n mú Jájá, ọba Òpóbò, lọ sí ìgbèkùn nítorí pé ó ń bu owó lé àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, kò sì jẹ́ kí wọ́n dé ọjà epo pupa tó wà lókè odò. Ní 1892, ọ̀rọ̀ owó ibodè àti ọ̀nà títì wà lára ohun tó fa ogun Ìmàgbọ̀n, tí wọ́n fi ṣẹ́gun àwọn Ìjẹ̀bú.

Lẹ́yìn tí àwọn ibodè ti bọ́ sí ọwọ́ kan ṣoṣo, owó orí ọjà tó ń wọlé di òpómúléró ìjọba amúnisìn. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, ọtí líle láti Yúróòpù nìkan ń mú ju ìdajì owó ibodè Gúúsù wá. Àríwá kò ní èbúté òkun, ìnáwó rẹ̀ sì ju owó tó ń wọlé fún un lọ, débi pé ìjọba London ló ń fi owó ràn án lọ́wọ́. Owó ibodè Gúúsù yìí wà lára ohun tó mú kí ìsopọ̀ ọdún 1914 wu àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ogun dé, ó dí ọ̀nà ọtí, owó ibodè sì já wálẹ̀. Lugard, tó ti ń fẹ́ gba owó orí tààrà lọ́wọ́ aráàlú tẹ́lẹ̀, rí àwíjàre. Ṣùgbọ́n owó orí bí Ogun Àdùbí láàrin àwọn Ẹ̀gbá ní 1918. Ní 1929, ìbẹ̀rù pé owó orí yóò kan àwọn obìnrin bí ìjà ńlá ní Ìlà-Oòrùn. Àwọn èèyàn tó ti ń san owó ibodè fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjà, kí ló dé tí wọ́n fi jà lórí owó orí? Ìdí ni pé owó ibodè fara pamọ́ sínú iye tí wọ́n ń ta ọjà. Oníṣòwò ló ń kọ́kọ́ san án, tó sì ń fi í lé orí ọjà rẹ̀. Ìjọba tó ń gba owó láìjẹ́ kí asanwó mọ̀ kì í sáré jíhìn.

Àṣà yìí kò kú pẹ̀lú òmìnira. Òfin Kọ́sítọ̀ọ̀mù ọdún 1958 ni a lò títí di 2023. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní 1982, ìjọba Shagari tún sáré padà sí ibodè: wọ́n bu owó kún ti àtẹ̀yìnwá, wọ́n sì dín ọjà òkèèrè kù. Láti 2015, àtẹ owó ibodè ECOWAS, tó ní ìpele márùn-ún láti 0 dé 35 nínú ọgọ́rùn-ún, ni a ń tẹ̀ lé. Bàtà wà lára àwọn ọjà tí ìjọba fòfin dè, àmọ́ wọ́n yọ bàtà eré ìdárayá sílẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé ìjọba mọ̀ pé ọmọ tó ń sáré nílò bàtà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹrù bá jẹ́ ₦100,000, tí owó ọkọ̀ àti ti adójútòfò jẹ́ ₦50,000, orí ₦150,000 ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí ìpele 20 nínú ọgọ́rùn-ún, owó ibodè di ₦30,000. VAT ìdá 7.5 lórí ₦180,000 yóò tún mú ₦13,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦43,500, láìka àwọn owó kéékèèké yòókù.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Kọ́sítọ̀ọ̀mù gbà pé kí ẹrù tí kò ju 300 dọ́là lọ máa wọlé láìsan owó ibodè, ìgbà mẹ́rin lọ́dún. Ìrànwọ́ gidi ni èyí fún òbí àti olùkọ́ eré ìdárayá. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tó tóbi jù ni pé ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti tú àṣírí owó tó ti ń fara pamọ́ láti ìgbà Dòsùnmú. Lónìí, aráàlú fúnra rẹ̀ ló ń gba ìwé owó náà, tó ń kà á, tó sì ń san án. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tó bá ti rí iye tó san ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe, ó sì yẹ kó béèrè.