Ojúlé Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ìtàn Bí Nọ́ńbà Àdírẹ́sì Ṣe Tán àti Bí Wọ́n Ṣe Wá Òmíràn

1.0 Ìfáárà
Bí àlejò bá wọ ìlú tí ó ń wá ilé ẹnì kan, yóò béèrè àdúgbò, yóò béèrè agboolé, yóò sì béèrè ojúlé. Bí kò bá mọ̀ wọ́n, kò lè jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà kan kò lè fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí èkejì rẹ̀ àfi bí ó bá mọ ojúlé rẹ̀, nọ́ńbà sì ni ojúlé náà. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó tọpinpin bí nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe bẹ̀rẹ̀, ìdí tí wọ́n fi tán, àti bí àwọn ẹ̀rọ ṣe ń lo irú tuntun tí wọ́n ṣe láti rọ́pò wọn. Èrò wa ni pé ìtàn yìí jẹ́ ìtàn ìpín: àwọn tí ó tètè dé gba púpọ̀, nígbà tí ó sì kan àwa tí a pẹ́ dé, ìsàlẹ̀ ìkòkò ni a bá.

2.0 Ìbẹ̀rẹ̀ Nọ́ńbà
Ní ọdún 1969 ni wọ́n so kọ̀ǹpútà ibi mẹ́rin pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Àwọn ibi náà ni Yunifásítì California ní Los Angeles àti ní Santa Barbara, Yunifásítì Utah, àti Stanford Research Institute. ARPANET ni wọ́n pe ìsokọ́ra náà. Ẹ̀ka ètò ààbò ìjọba Amẹ́ríkà ni ó náwó sí i. Bíìtì mẹ́jọ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún nọ́ńbà kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Bíìtì ni ẹyọ òǹkà tí ó kéré jù lọ nínú kọ̀ǹpútà. Òdo ni tàbí ení. Bí a bá fi bíìtì kan kún èyí tí ó wà nílẹ̀, iye nọ́ńbà tí a lè rí yóò di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, bíìtì mẹ́jọ kò lè mú ju nọ́ńbà 256 lọ. Lójú àwọn tí ó ní ibi mẹ́rin péré láti so pọ̀, 256 pọ̀ rẹpẹtẹ. Síbẹ̀, kò pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi ní láti fẹ̀ ẹ́.

Ní ọdún 1974, Vint Cerf àti Bob Kahn gbé ètò kan jáde tí yóò jẹ́ kí oríṣiríṣi ìsokọ́ra lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Láti inú ètò yìí ni òfin tí a mọ̀ sí IPv4 ti jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1981. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, gbogbo ARPANET kúrò lórí òfin àtijọ́, wọ́n bọ́ sórí ti tuntun. Bíìtì 32 ni wọ́n fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú IPv4, èyí sì mú nọ́ńbà 4,294,967,296 wá. A máa ń kọ ọ́ ní abala mẹ́rin tí àmì tóótó pín níyà, abala kọ̀ọ̀kan kì í sì í ju 255 lọ. Cerf fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé ní gbangba lẹ́yìn náà pé àyẹ̀wò ni wọ́n ka iṣẹ́ náà sí nígbà tí wọ́n mú 32. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ní ọdún 1981 tí òfin yìí jáde, iye ènìyàn tí ó wà láyé ti ju iye nọ́ńbà wọ̀nyí lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún olúkúlùkù.

Nítorí pé ó ṣòro fún ènìyàn láti máa rántí nọ́ńbà, Paul Mockapetris ṣe ètò orúkọ ní ọdún 1983. Ètò yìí ni ó jẹ́ kí a lè tẹ orúkọ, kí kọ̀ǹpútà sì bá wa wá nọ́ńbà tí ó ń bẹ lẹ́yìn orúkọ náà. Orúkọ ni a ń rí. Nọ́ńbà ni ẹ̀rọ ń lò.

3.0 Bí Wọ́n Ṣe Pín In
Ìwọ̀n mẹ́ta pàtàkì ni wọ́n fi ń pín nọ́ńbà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó tóbi jù ní nọ́ńbà 16,777,216. Ti àárín ní 65,536. Èyí tí ó kéré jù ní 256. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní kọ̀ǹpútà ẹgbẹ̀rún kan yóò rí i pé 256 kò tó òun, yóò sì gba 65,536, èyí tí ó pọ̀ jù lọ ní yóò sì wà lásán. Báyìí ni ìfiṣòfò ṣe wọ inú ètò náà. Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù ni ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, tí ó gba ìwọ̀n tí ó tóbi jù lódidi: gbogbo nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 18. Ní ọdún 1993 ni wọ́n fagi lé ìwọ̀n mẹ́ta yìí, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún olúkúlùkù ní ìwọ̀n tí ó bá àìní rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti pín ti lọ.

4.0 Ọgbọ́n Agboolé
Nígbà tí ó hàn pé nọ́ńbà yóò tán, wọ́n dá ọgbọ́n kan tí à ń pè ní NAT. Àlàyé rẹ̀ jáde ní ọdún 1994. Ní ọdún kan náà, wọ́n ya àwọn nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè lò nínú ilé rẹ̀, irú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí 192.168. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣe àpẹẹrẹ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta akẹ́kọ̀ọ́ lè wà níbẹ̀, síbẹ̀ àpótí lẹ́tà kan ṣoṣo ni ilé-ẹ̀kọ́ ní ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Akọ̀wé ni yóò wo orúkọ ara lẹ́tà, tí yóò sì fún ẹni tí ó ni ín. Iṣẹ́ akọ̀wé yìí ni ẹ̀rọ atọ́nà, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ráútà, ń ṣe. Ó ń kọ ẹ̀rọ tí ó béèrè ohun kan sílẹ̀, nígbà tí èsì bá sì dé, ó mọ ẹni tí yóò gbé e fún.

Ọgbọ́n yìí gba ayé là fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù. Àkọ́kọ́, ará ìta kò lè dédé kàn sí ẹ̀rọ tí ó wà nínú agboolé; àfi kí tinú ilé kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ jáde. Èkejì, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ nọ́ńbà kan. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ṣẹ̀, tí ibi tí ó ṣẹ̀ sí sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ nọ́ńbà náà, aláìṣẹ̀ yóò pín nínú ìyà.

5.0 Ọjọ́ Tí Àpò Gbẹ
Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2011, IANA, tí ó jẹ́ olùtọ́jú àpò nọ́ńbà gbogbo ayé, pín ìdì márùn-ún tí ó kù. Wọ́n fún àjọ ẹkùn márààrún ní ìdì kọ̀ọ̀kan. AFRINIC ni àjọ ti ilẹ̀ Áfíríkà. Erékùṣù Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì ni ibùjókòó rẹ̀. Ọdún 2005 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i, Adiel Akplogan, ọmọ ilẹ̀ Tógò, sì ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn àjọ tí ó wà ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Éṣíà ni ilẹ̀ Áfíríkà ti ń gba nọ́ńbà.

Ìdì tí ó kan Áfíríkà lọ́jọ́ náà ni gbogbo nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 102. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tí a ti sọ ṣáájú: iye tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 16,777,216, iye kan náà tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ti gbà ní Amẹ́ríkà nígbà tí nọ́ńbà ṣì pọ̀. Òótọ́ ni pé Áfíríkà ti ní àwọn mìíràn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìpín ìkẹyìn gbogbo àgbáńlá ilẹ̀ yìí kò ju ti MIT lọ. Ní ọdún 2017, MIT kéde pé òun yóò ta lára èyí tí òun kò lò. Ní ọdún yẹn gan-an ni AFRINIC bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ èyí tí ó kù sí i lọ́wọ́ ná, tí ó sì tún dín in kù sí i ní ọdún 2020. Ohun tí a fún àwọn ará ìṣáájú lọ́fẹ̀ẹ́ ti di ọjà.

6.0 IPv6 àti Bí Ẹ̀rọ Ṣe Ń Lò Ó
Oṣù kejìlá ọdún 1995 ni òfin IPv6 àkọ́kọ́ jáde. Wọ́n tún un kọ ní ọdún 1998 àti 2017. Wọn kò lo nọ́ńbà 5 nítorí pé wọ́n ti fi sọrí àyẹ̀wò mìíràn. Bíìtì 128 ni ó wà nínú nọ́ńbà IPv6 kọ̀ọ̀kan. Iye tí èyí mú wá fi díẹ̀ ju 34 tí a to òdo 37 tẹ̀ lé lọ. Abala mẹ́jọ ni a ń kọ ọ́ sí, àmì oníkókó méjì ni a fi ń pín wọn, a sì ń lo lẹ́tà a títí dé f pẹ̀lú òǹkà 0 sí 9. A lè fo àwọn abala olódo tí ó tẹ̀ léra, kí 2001:db8:0:0:0:0:0:1 di 2001:db8::1.

Ìdajì àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà náà dà bí àdúgbò àti agboolé. Ìdajì kejì ni ojúlé. Nígbà tí fóònù bá wọ inú ìsokọ́ra, yóò kọ́kọ́ fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà kan tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fe80, tí kò wúlò kọjá agboolé náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ atọ́nà yóò kéde ìdajì àkọ́kọ́ fún gbogbo ilé. Fóònù lè wá ṣe ìdajì kejì fúnra rẹ̀, yóò sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó kù bóyá ẹnikẹ́ni ti ń lò ó. Bí kò bá sí ẹni tí ó dáhùn, ó di tirẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ fi sí i lára ni wọ́n fi ń ṣe ìdajì kejì yìí. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ibikíbi tí ẹ̀rọ bá lọ, ìdajì kejì yóò máa tẹ̀ lé e bí ilà ojú, ẹni tí ó bá ń ṣọ́ olówó rẹ̀ yóò sì dá a mọ̀. Ní ọdún 2001 ni wọ́n gbé ìlànà jáde tí ẹ̀rọ fi lè máa yan ìdajì kejì láìní àpẹẹrẹ, kí ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà.

Kí wá ni ó dá ayé dúró? IPv4 àti IPv6 kò gbọ́ èdè ara wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ tuntun ní láti ṣì di àtijọ́ mú, èyí sì ń gba owó àti ìmọ̀. NAT náà jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rò pé kò sí kánjúkánjú. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 2012, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Google àti Facebook tan IPv6 sílẹ̀ láìpa á mọ́. Nígbà tí ó fi di ọdún 2025, ó ti ń súnmọ́ ìdajì àwọn tí ó ń dé ọ̀dọ̀ Google tí ó ń gba ọ̀nà IPv6. Íńdíà, Faransé àti Jámánì ti ju ìdajì lọ. Nàìjíríà ṣì wà lẹ́yìn jìnnà.

7.0 Àgbálọgbábọ̀
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn olùdásílẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì fi òní díwọ̀n ọ̀la, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni òṣùwọ̀n wọn kún. A kò lè dá wọn lẹ́bi jù, nítorí pé àwọn tí wọ́n rí níwájú wọn ni wọ́n kà. Ṣùgbọ́n nínú IPv6, ibi kò há fún ẹnikẹ́ni mọ́, àti ẹni tí ó tètè dé, àti ẹni tí ó pẹ́. Bí a bá tún jókòó títí, a kò ní lè sọ pé àwọn ará ìṣáájú ni ó kó ti wa lọ.

Olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí láti inú kíláàsì. Kí ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣí ibi ètò fóònù wọn, kí wọ́n wo àdírẹ́sì tí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 192.168 tàbí 10 ni wọ́n rí, inú agboolé ẹlòmíràn ni wọ́n wà. Bí wọ́n bá rí èyí tí ó gùn tí ó ní àmì oníkókó méjì, tí kò sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fe80, wọ́n ti sún mọ́ ojúlé tiwọn.