Ọmọ tí wọ́n bí ní kékeré tí kò sì ga: Ṣé oúnjẹ ló kù ni àbí abẹ́rẹ́?

Bí ọmọ kan ní Alajo, nílùú Accra, kò bá ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀, oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ fura sí. Ìtàn fihàn pé wọn ò jẹ̀bi. Àmọ́ oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń fà á.

Ohun tí Accra fi kọ́ àgbáyé

Ọdún 1926 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé Princess Marie Louise ní Accra. Ibẹ̀ ni Dókítà Cicely Williams, ọmọ Jamaica tó dé Gold Coast lọ́dún 1929, ti rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn sì ń pọ́n.

Lọ́dún 1935, ó fi orúkọ tí àwọn Gá ń pe àìsàn náà tó àgbáyé létí: kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò rẹ̀. Oúnjẹ aṣaralóore ni ìtọ́jú rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tó kọ́kọ́ mú ewu dání

Àwọn ọmọ mìíràn wà tó ń jẹun dáadáa, síbẹ̀ tí wọn kì í ga. Lọ́dún 1958, Dókítà Maurice Raben ní Amẹ́ríkà ròyìn pé ọ̀dọ́kùnrin kan ga sí i lẹ́yìn tí òun fún un ní họ́mónù ìdàgbàsókè. Abẹ́ ọpọlọ òkú èèyàn ni wọ́n ti yọ ọ́.

Nígbà tó di 1985, àṣírí tú pé àwọn kan tó gba irú abẹ́rẹ́ yìí ti kú nípa àìsàn ọpọlọ Creutzfeldt-Jakob, tí kò gbóògùn. Amẹ́ríkà àti Britain dá a dúró. Lọ́dún kan náà, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ṣe ní yàrá ìwádìí, tí kò ti ara òkú wá.

Lọ́dún 2001, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn ọmọ tí wọ́n kéré sí iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lò nínú oyún. Ilẹ̀ Yúróòpù tẹ̀lé e lọ́dún 2003.

Ta ló wà fún?

Nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló máa ń bá ẹgbẹ́ wọn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì. Àwọn tó kù ni abẹ́rẹ́ wà fún. Ojoojúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó rẹ̀ ga, inú fìríìjì ni wọ́n sì sábà máa ń tọ́jú rẹ̀ sí. Níbi tí dumsor ti ń mú iná lọ, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro kékeré.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe sọ ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n ọmọ sí lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ nù. Ìwé yẹn, iye ọ̀sẹ̀ oyún àti gíga ọmọ nígbà tó pé ọdún méjì ni dókítà máa fi mọ̀ bóyá oúnjẹ ló kù, àbí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni.