Kí Ni Wọ́n Ṣe Níbẹ̀? Ìtàn S. O. Awókòyà, Aṣòfin Ìjẹ̀bú

Àkọsílẹ̀ ètò ọ̀sẹ̀ yìí nìyí.

Ọ̀kan nínú yín ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé kí n sọ̀rọ̀ lórí aṣòfin ọmọ Ìjẹ̀bú tó pẹ́ jù nílé ìgbìmọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ń ka sáà: ẹni yìí lọ lẹ́ẹ̀mejì, tọ̀hún lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé ìwé tí mo ń kọ lọ sọ́dọ̀ màmá àgbà mi n'Íjẹ̀bú-Òde, mo ń ka orúkọ àti iye ọdún sí wọn létí. Wọ́n tẹ́tí títí mo fi parí. Wọ́n wá ní, "Ó dáa. Kí ni wọ́n ṣe níbẹ̀?"

Mi ò rí èsì gidi kan fọ̀. Ìbéèrè yẹn ló yí ètò yìí padà. Dípò ẹni tó pẹ́ jù, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹni tí kò lò ju bí ọdún 5 lọ nílé ìgbìmọ̀, àmọ́ tí ohun tó ṣe níbẹ̀ ṣì wà nínú ilé yín lónìí. Orúkọ rẹ̀ ni Stephen Olúwọlé Awókòyà. (Ẹ forí jì mí tí mo bá ń pe àgbà ní "ó". Bí a ṣe ń kọ ìtàn nìyẹn.)

Ọmọ Awà-Ìjẹ̀bú ni. Ọdún 1913 ni wọ́n bí i, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ijebu-Ode Grammar School sílẹ̀. Nígbà yẹn, kò tíì pé ọdún 25 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú n'Ímàgbọ̀n ní 1892. Ìlú tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òyìnbó tẹ́lẹ̀ wá di ìlú tó ń sáré kọ́ ilé ìwé. Àmọ́ ilé ìwé kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá lówó ló ń rán ọmọ lọ. Ẹni tówó rẹ̀ kò bá tó nǹkan a yan ọmọ kan nínú gbogbo ọmọ rẹ̀, ọkùnrin sì ni wọ́n sábà máa ń yàn.

Olùkọ́ ni Awókòyà, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló sì ń kọ́ni. Nígbà tí àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó dá Molusi College sílẹ̀ ní 1949, òun ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó ti mọ bí ilé ìwé ṣe ń rí láti ìdí iná kó tó wọ ìṣèlú.

Ní 1951, wọ́n dìbò lábẹ́ òfin ìjọba tuntun tí à ń pè ní ti Macpherson. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn n'Íbàdàn gba ọmọ ìgbìmọ̀ 80 tí wọ́n dìbò yàn. Awókòyà wọlé láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lábẹ́ Action Group, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé ìjọba kalẹ̀ ní 1952, ó fi Awókòyà ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga yẹn ní Ìwọ̀ Oòrùn.

Ní oṣù Keje 1952, kò tíì pé ọdún kan tó débẹ̀, ó gbé àbá rẹ̀ wá síwájú ilé: gbogbo ọmọ ní Ìwọ̀ Oòrùn yóò lọ sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kìn-ín-ní 1955. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Olùkọ́ kò tó, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò tó, owó kò sí. Ọdún méjì ààbọ̀ ló kù. Nínú àbá náà, ó fẹ́ kó jẹ́ dandan fún gbogbo òbí; nígbà tó yá, wọ́n yọ "dandan" kúrò, wọ́n fi "ọ̀fẹ́" sílẹ̀. Wọ́n tún dín ọdún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù láti 8 sí 6, kí àyè lè gba ọmọ púpọ̀ sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún 3 kalẹ̀, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní "Modern", fún àwọn tí kò ráyè wọ girama.

Owó wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ní kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan san ṣílè 10 àti sísì kan fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àwọn ènìyàn bínú. Ẹni tí kò bímọ ń béèrè ìdí tó fi máa sanwó ìwé ọmọ ọlọ́mọ. Àgbẹ̀ ń béèrè ẹni tó máa bá òun lọ sóko tí gbogbo ọmọ bá lọ sílé ìwé. Nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, ẹgbẹ́ alákùkọ, ìyẹn NCNC, borí Ọlọ́pẹ ní Ìwọ̀ Oòrùn gan-an. Ọ̀pọ̀ olóṣèlú ni ì bá pa ètò náà tì lọ́jọ́ kejì ìbò. Àwọn wọ̀nyí kò pa á tì.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 1955, ilẹ̀kùn ṣí. Iye ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn jẹ́ bí 457,000 ní 1954. Ní 1955, ó di bí 811,000. Nígbà tó fi máa di 1958, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Màmá àgbà mi wà nínú àwọn 811,000 yẹn. Wọn kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Olùkọ́ ní kí wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún kọjá àárín orí kó kan etí òsì. Ó kàn án. Wọ́n wọlé.

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló mú wọn lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún 13 ni ẹ̀gbọ́n yìí. Nígbà tó tọ́ sí i láti lọ, owó wà fún ẹnì kan ṣoṣo, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni bàbá wọn sì yàn. Ìwé ọ̀fẹ́ dé nígbà tí tirẹ̀ ti kọjá. Màmá ní, "Ó dúró sẹ́bàá fèrèsé títí wọ́n fi lu aago. Ó wá gbé igbá rẹ̀, ó lọ sọ́jà." Gààrí ló tà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lówó, èédú ló fi ń fa ilà rẹ̀ sára ògiri. Màmá àgbà mi ló ń bá a ka lẹ́tà.

Ọdún díẹ̀ péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Òfin kan ló pín wọn níyà.

Mi ò ní pọ́n ọn fún yín. Ètò náà ní àléébù. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí wọ́n gbà kò gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, yàrá kún àkúnya, ọ̀pọ̀ ọmọ sì fi ilé ìwé sílẹ̀ kó tó parí. Awókòyà fúnra rẹ̀ kò pẹ́ níbẹ̀. Ní 1956, ó kúrò nínú ìjọba, òun àti Ọlọ́pẹ sì pínyà. Nínú ìbò ọdún náà, Ọlọ́pẹ tún borí pẹ̀lú àga 48 nínú 80, àmọ́ ẹni tó gbé àbá ìwé ọ̀fẹ́ wá síwájú ilé kò sí láàárín wọn mọ́. Ó padà sídìí iṣẹ́ tó mọ̀, ìyẹn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ó ṣiṣẹ́ n'Ékòó, ó sì tún ṣiṣẹ́ lábẹ́ UNESCO ní Paris. Ó kú ní 1985.

Lónìí, tẹ́ ẹ bá béèrè ẹni tó fún Yorùbá ní ìwé ọ̀fẹ́, èsì kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́: Awólọ́wọ̀. Irọ́ kọ́. Láìsí olórí tó gbà, tó sì dúró ti ètò náà nígbà tí ìbò ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹnì kan ló jókòó kọ àbá náà, tó ka iye olùkọ́, tó dìde nílé ìgbìmọ̀ láti gbèjà rẹ̀.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ màmá, mo ka ìtàn yìí sí wọn létí. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Mi ò mọ orúkọ ẹ̀ rí." Wọ́n wá gba bébà lọ́wọ́ mi, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n sì fúnra wọn kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, tí aṣòfin yín bá tún wá tọrọ ìbò, tó ń ka iye sáà tó ti lò fún yín, ẹ bá mi bi í ní ìbéèrè màmá àgbà mi. Ẹ fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.