Iná Tí Kì í Ṣẹ́jú Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin

Àwọn àgbàlagbà kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń to ọkọ̀ ojú irin kékeré sórí tábìlì. Ẹ má pè é ní eré ọmọdé lójú wọn. Ohun tí ó ń dùn wọ́n ni pé iná inú kóòṣì, èyíinì ni yàrá èrò, máa ń ṣẹ́jú. Ojú irin ni iná mànàmáná ń gbà wọ inú ọkọ̀ náà láti ara àwọn ẹsẹ̀ irin rẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀, iná á kú, á tún tàn.

Ọkọ̀ ojú irin gidi ti jẹ irú ìyà yìí rí. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1881, kóòṣì Pullman kan tí ń jẹ́ Beatrice tan gílóòbù láti London dé Brighton. Bátìrì nìkan ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ní àwọn ọdún 1890, ilé iṣẹ́ J. Stone ní Deptford fi bẹ́líìtì so dáínámò mọ́ ọ̀pá ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, dáínámò ń tanná, ó sì ń bọ́ bátìrì. Bí ó bá dúró ńkọ́? Bátìrì á gba iṣẹ́ ṣe.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rélùwéè kò tètè fi gáàsì sílẹ̀. Táńkì gáàsì wà lábẹ́ kóòṣì onípákó, iná sì ń jó lókè orí èrò. Ìjàǹbá Hawes Junction ní 1910 àti ti Ais Gill ní 1913 ti fi ohun tí gáàsì lè ṣe hàn wọ́n. Ní ọjọ́ 22 oṣù Èbìbí 1915, ní Quintinshill, lẹ́bàá Gretna ní Scotland, àwọn tí ń fún ọkọ̀ lọ́nà gbàgbé pé ọkọ̀ kan dúró lójú irin. Ọkọ̀ tí ó kó àwọn ọmọ ogun Royal Scots, tí wọ́n ń lọ sí Gallipoli, forí sọ ọ́. Ọkọ̀ ayára kan láti London sì tún já lu àwókù wọn. Ẹyín iná ẹ́ńjìnnì ràn mọ́ gáàsì, pákó sì gbaná. Àwọn tí ó kú lé ní 220.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí tábìlì. Diode mẹ́rin ni wọ́n fi ń gba iná láti ojú irin, kí ó lè máa ṣàn gba ọ̀nà kan náà, ibi yòówù kí ọkọ̀ kọjú sí. Lẹ́yìn èyí ni capacitor, tí ó dà bí ìkòkò omi: ó ń gba iná pamọ́, ó sì ń bù ú síta nígbà tí ojú irin bá dọ̀tí. Wọ́n ń fi resistor sẹ́nu rẹ̀ kí ó má baà gbé iná mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. LED kì í jẹ iná púpọ̀, nítorí náà ìwọ̀nba tí ó wà nípamọ́ tó láti gbé e kọjá ìdọ̀tí. Ọgbọ́n Stone náà ni, ó kàn kéré ni.

Àṣìṣe kan ni mo máa ń rí nínú fọ́tò iṣẹ́ wọn: LED funfun gbòò nínú kóòṣì ayé gáàsì. Kóòṣì àtijọ́ ti Great Central ni wọ́n fi kó àwọn ọmọ ogun Quintinshill. Ẹni tí ó bá kọ́ irú rẹ̀, iná pupa rẹ́súrẹ́sú ni kí ó fi sí i.