Nígbà Tí Wọ́n Pe Àrùn Òpójẹ̀ Ní Aràn

Bí inú bá ń run ọmọ Yorùbá, ìbáà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí níbí ní Loganville, aràn tàbí jẹ̀díjẹ̀dí ni àwọn àgbà máa ń kọ́kọ́ pè é. Àwa tí a ka ìwé a ní ọgbẹ́ inú ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ṣe sọ fún ọ̀rẹ́ wa kan. A ra oògùn aràn fún un, a fún ewúro. Oṣù mẹ́ta ni ó fi ń rù, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí a tó gbé e lọ sí Atlanta, níbi tí àwòrán inú ti fi hàn pé àwọn òpójẹ̀ tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìfun àti kíndìnrín rẹ̀ ti yọ kókó kéékèèké. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni tiwa, a kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n a wá ìtàn àrùn náà kà.

Ní ìlú Freiburg ní Jámánì, ní 1865, télọ̀ ọmọ ọdún 27 kan dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ibà, inú rírun àti ara tí kò lókun mọ́. Kò ju bí oṣù kan lọ tí ó fi kú. Nígbà tí Adolf Kussmaul àti Rudolf Maier yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n bá kókó lára àwọn òpójẹ̀ rẹ̀ káàkiri. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sínú ìwé ní 1866? Aràn ni! A kò lè bá wọn wí jù, nítorí aràn kan wà tí ń wọ òpójẹ̀ ìfun ẹṣin, tí ń mú kí ó wú. Ṣùgbọ́n wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọn kò rí aràn kankan. Lọ́dún náà gan-an ni wọ́n tún ìwé mìíràn kọ, pé ara òpójẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó gbóná tí ó sì wú. Wọ́n pè é ní periarteritis nodosa. Àwa tí a mọ bí ó ti ń nira tó fún ọ̀gá láti fa igi lé iye tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, a kan sáárá sí wọn.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nìyí: àwọn ohun tí ń gbèjà ara a dojú kọ ògiri òpójẹ̀, ògiri náà a fẹ́lẹ́, a sì wú síta bíi túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti gbó. Bí ó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ a dà sínú ikùn. Láyé àtijọ́, nínú 100 tí a kò tọ́jú, bí 13 péré ni ó ń rí ọdún márùn-ún.

Ní 1929, ní Lisbon, Reynaldo dos Santos fi oògùn tí ń hàn nínú àwòrán ya òpójẹ̀ ikùn alààyè. Oògùn cortisone dé lẹ́yìn 1949. Ní 1979, Fauci tí gbogbo wa wá mọ̀ nígbà Kòrónà, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, fi hàn pé cyclophosphamide ń gba ẹni tí àrùn náà bá mú gidi là. Lónìí, bí kókó kan bá ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n lè ti okùn rọ́bà tín-ín-rín gba itan wọlé, kí wọ́n fi wáyà wíwé dí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá jù ni 1970, nígbà tí àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà àti Faransé bá kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, hepatitis B, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan tí àrùn yìí ń ṣe. Ọdún 2004 ni Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ kún ti ọmọdé. Àwa ti dàgbà. Ìwádìí 2018 bá kòkòrò náà lára bí 8 nínú 100 ará Nàìjíríà. Ní 2023, àjọ CDC tó wà ní Atlanta níbí ní kí gbogbo ẹni tó ti pé ọdún 18 yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún un, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n bá a nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ wa. Oògùn tí ń pa kòkòrò náà lẹ́nu mọ́ ni wọ́n fún un, pẹ̀lú cortisone fún ìgbà díẹ̀, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Méjì nínú àwọn àbúrò rẹ̀ ti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ̀kẹta ní jẹ̀díjẹ̀dí ni tòun.