Wiley Post àti Ọkọ̀ Òfurufú tí Imú Rẹ̀ Wúwo

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ wa, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: bí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfurufú bá kú lókè, ṣé bí òkúta ni yóò ṣe já lulẹ̀? Rárá o. Afẹ́fẹ́ tí ń sáré kọjá lára apá rẹ̀ ni ó gbé e ró. Bí awakọ̀ bá tètè tẹ imú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, yóò máa rà bàbà bí àṣá títí yóò fi rí ibi bà sí. Ṣùgbọ́n àfi bí ó bá ti ga. Ìgbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni ewu wà.

Wiley Post, ọmọ Amẹ́ríkà, mọ èyí dáadáa. Ojú kan ni ó ní. Iṣẹ́ kànga epo rọ̀bì ni ó ba èkejì jẹ́ ní 1926, owó gbà-máà-bínú tí wọ́n san fún un ni ó sì fi ra ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ àkọ́kọ́. (Ẹ ò rí i pé ọkùnrin ni!) Ní oṣù Keje 1933, òun nìkan fi ọkọ̀ Winnie Mae yí ayé po ní ọjọ́ 7, wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 49. Kò sí ẹni tí ó dá irú rẹ̀ ṣe rí.

Ní 1935 ó to ọkọ̀ mìíràn pọ̀. Ó fi apá Lockheed Explorer sára Lockheed Orion, ó sì so ohun gígùn méjì tí ó rí bí ọkọ̀ ojú omi mọ́ abẹ́ rẹ̀, kí ó lè máa bà sórí omi. Imú rẹ̀ wá wúwo jù. Ẹ wo ẹni tí ó ru igi gígùn tí iwájú rẹ̀ wúwo ju ẹ̀yìn lọ: ọwọ́ ni ó fi ń fa ẹ̀yìn igi náà sílẹ̀ kí iwájú má baà tẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fẹ́ sí ìrù ọkọ̀ ni ọwọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún náà, òun àti Will Rogers, apanilẹ́rìn-ín tí gbogbo Amẹ́ríkà fẹ́ràn, gbéra ní Fairbanks ní Alaska, wọ́n ń lọ sí Point Barrow. Kùrukùru bo ilẹ̀, ọ̀nà dàrú mọ́ wọn lójú. Wọ́n bà sórí ọ̀sà kan, wọ́n sì béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn Inupiat tí wọ́n bá níbẹ̀. Barrow kò jìnnà mọ́! Wọ́n tún gbéra. Wọn kò tíì ga tí ẹ́ńjìnì fi dákẹ́. Ọwọ́ tí ó di ẹ̀yìn igi mú ti já; imú tẹ̀, ọkọ̀ já sínú ọ̀sà, ó dojú dé. Àwọn méjèèjì kú. Ní tèmi, n kò rí ohun tí ọgbọ́n awakọ̀ lè ṣe ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Níbi tí wọ́n ti to ọkọ̀ náà pọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Clair Okpeaha, ọdẹ tí ó júwe ọ̀nà fún wọn, ni ó fi ẹsẹ̀ sáré ju máìlì 10 lọ dé Barrow láti ròyìn ikú wọn.